Sàfúrátù Onípíìlì àti Ọpọlọ Ẹ̀rọ Méjì

Ní Dassa, kò sí ọkùnrin kan tó máa gbà pé Sàfúrátù na òun nínú ayò rí. Wọ́n á ní orí ló ń fọ́ àwọn lọ́jọ́ náà, tàbí oòrùn ló wọ àwọn lójú, tàbí àwọn kò fẹ́ dójú ti opó ni. Bí a bá ní ká kó gbogbo orí fífọ́ yẹn jọ, a ó rí i pé ìlú náà ti ṣàìsàn púpọ̀. Sàfúrátù kì í bá wọn jiyàn. Á kó ọmọ ayò jọ, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bu omi tútù sórí," á sì padà sídìí igbá píìlì rẹ̀.

Píìlì ló ń tà: píìlì rédíò, píìlì tọ́ọ̀ṣì, àti gílóòbù kéékèèké tó jẹ́ pé àárín oko ló máa ń wù wọ́n láti jó tán. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà Dassa, á jókòó tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, á gbé igbá rù lọ sí Tré, tàbí Lèma, tàbí Kpingni, nítorí àgbẹ̀ kò ní fi ebè iṣu sílẹ̀ wá sí ìlú nítorí píìlì ẹyọ méjì. Píìlì kì í ṣe òwú. Orúnkún òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, kò sì pẹ́ tí ọ̀tún fi bá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì tó wò ó sọ fún un pé kó jáwọ́ nínú ìrìn oko, bí kò bá jáwọ́, orúnkún yóò bá a jáwọ́.

"Tí mi ò bá lọ bá àwọn ará oko, ṣé àwọn ni yóò wá bá mi?" ni Sàfúrátù bi í.

Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ òun nílé ìwé.

Ìgbà ìjọba Révolution ni ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì, títí kan ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ọ̀sẹ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni awakọ̀ kan já páálí ńlá méjì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Sàfúrátù. Àyìndé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Libreville, ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ordinateur méjì ni, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Awakọ̀ jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an: "Ọ̀kan fún Yẹ̀kínì, ọ̀kan fún Sàfúrátù. Kí wọ́n pín in bí a ṣe ń pín nǹkan nílé wa."

Yẹ̀kínì ni ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù. Sìmẹ́ǹtì àti páànù ló ń tà. Bí wọ́n sì ṣe ń pín nǹkan nílé wọn kò ṣòro: àbúrò ni yóò pín, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú. Ọgbọ́n àwọn àgbà nìyẹn. Àbúrò tó bá pín in ní ìpín-kúpìn-ín, ara rẹ̀ ló fi jìyà. Ẹni tí yóò pín sì ni ẹrù ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ ìpín. Yẹ̀kínì ń lọ kó ẹrù ní Bohicon, ó ní tí òun bá dé, ó di ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó wá fi ẹ̀rọ méjèèjì ti Sàfúrátù fún odidi ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fi obì síwájú ewúrẹ́, kó má bi ewúrẹ́ léèrè obì.

Sàfúrátù ránṣẹ́ pe Évariste, ọmọ àwọn àgbẹ̀ orí òkè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ collège ní ìṣirò, tó sì ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Cotonou. Évariste dé, ó rí páálí, kò tilẹ̀ kí ènìyàn mọ́.

"Ìyá, ẹ mọ ohun tí ẹ ní nílé yìí? Ọpọlọ èyí ń jẹ́ Z80. Ó ń lù kìkì bí ọkàn ènìyàn, ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́rin kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ọpọlọ èyí wá ń jẹ́ 6502. Ìyẹn ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù kan."

"Mẹ́rin ju ọ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ ti tán."

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Ìyá. Ẹ ti rí obìnrin méjì tí ń gún iyán. Ọ̀kan ń gún un wéréwéré, ọmọ odó kò kúrò nílẹ̀ dáadáa. Èkejì ń gbé ọmọ odó sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀ ń mì. Ṣé iye ìgbà tí ọmọ odó balẹ̀ ni ẹ ó kà, àbí iyán ni ẹ ó wò?"

"Iyán."

"Ẹ ṣeun. Z80 ń gún wéréwéré. 6502 ń gún un kanlẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ kò tó bí ẹnu ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kejì yìí, 6502 ní orogún méjì: ọ̀kan ń bá a ya àwòrán, ọ̀kan ń bá a kọrin. Òun kàn ń ronú ni. Z80 ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán tirẹ̀."

"Orogún tí kì í jà. Prof, ìwọ tí o kò tíì fẹ́ ìyàwó kan, níbo lo ti rí irú wọn?"

"Nínú ẹ̀rọ nìkan, Ìyá."

Kúráǹ ìlú dé nírọ̀lẹ́, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Z80 ní ojú tirẹ̀ tí a fi ń wò ó, tó bá a wá nínú páálí. 6502 kò ní ojú. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifísàn dúdú-àti-funfun tí ọkọ Sàfúrátù fi sílẹ̀ fún un. Évariste ní kí àwọn méjèèjì jọ ka nọ́ńbà láti ení títí dé ẹgbàárùn-ún. Z80 parí, ó dúró, ó ń wo èkejì bí àgbà tó ń retí ọmọdé. Nínú ìwé kíkọ, Z80 tún gbọ́n: ọ̀rọ̀ tó kún ìlà kan lójú rẹ̀, ìlà méjì ni 6502 fi ń gbé e. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, kò sí àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì eré sí i. Eré kan náà ló wà fún ẹ̀rọ méjèèjì: àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ìwọ wà nísàlẹ̀, ò ń yìnbọn. Lójú Z80, àwọn ọkọ̀ náà ń bọ̀ tìkọ̀-tìkọ̀, bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Lójú 6502, wọ́n ń ṣàn bí epo. Orin ń dún. Sàfúrátù gbá manette mú, ọwọ́ tí a fi ń darí eré, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń ṣe ohun tó ti ń ṣe nídìí ayò láti kékeré.

"Wọ́n ń bọ̀! Prof, wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀tún!"

"Ìyá, ẹ yìn ín! Ẹ yìn ín!"

"Gbà! Ó gbà á! Ẹ̀yin ọmọ àlè, ẹ tún máa bọ̀!"

Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Kí kúráǹ tó lọ, fèrèsé ti kún. Ìyá kan láti Tré tó wá ta ẹ̀wà dúró síbẹ̀, ó gbàgbé ọkọ̀ tí ì bá gbé e délé. Sàfúrátù wo ìyá náà, ó wo igbá píìlì ní igun ilé, ó sì rí ìdáhùn ohun tí wọn kò fi kọ́ nọ́ọ̀sì. Bí 6502 bá jẹ́ tirẹ̀, àwọn ará oko ni yóò máa wá bá a. Bí ó bá jẹ́ Z80, kí orúnkún múra ọ̀nà Lèma.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló ń mú. Yẹ̀kínì kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pín ẹja, ó mọ̀ pé èyí tí Sàfú kò bá wò ni Sàfú ń fẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Sàfúrátù rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá Àríkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà, nídìí ààrò.

"Ìyàwó wa, ìpín kì í gún láìsí ẹlẹ́rìí. Jọ̀ọ́, bá wa dé ibẹ̀ lọ́la."

"Èmi, ìyá ọkọ mi? Kí ni mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ?"

"Kò sí ohun tí o nílò láti mọ̀. Kí o ṣáà jókòó."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní. Sàfúrátù gbé Z80 àti ojú rẹ̀ sí apá kan, ó gbé 6502 àti manette sí apá kejì, ó sì ká ọwọ́ lẹ́yìn. Yẹ̀kínì jókòó sórí ẹní, Àríkẹ́ jókòó tì í. Ó fi ìka kan Z80 gbàgbàgbà bí ẹni ń yẹ iṣu wò. Ó gbé èkejì wò, ó ń wọn ìwúwo rẹ̀.

"Sàfú, èwo lo fẹ́?"

"Ẹni tó ń pín kì í fẹ́ nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n."

"Prof, èwo ló yára jù?"

Évariste kò mọ irọ́ pa. "Nínú ìṣirò, Z80. Nínú eré, 6502."

"Eré." Yẹ̀kínì yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Sàfú, mú ọwọ́ rẹ wá síwájú."

Sàfúrátù mú ọwọ́ wá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti lé ròrò, ó wú bí àgbàdo tí a fi sínú omi.

"Kí ló ṣe é?"

"Píìlì ló bù mí jẹ."

"Láti ìgbà tí o ti ń tà á, kò bù ọ́ jẹ rí." Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín, ó fa 6502 mọ́ra. "Èyí tó bù ọ́ jẹ ni mo mú."

Ẹnu Évariste là sílẹ̀. Sàfúrátù kò mira, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti gbọ́. Ọ̀nà Lèma nà tàn-ànràn níwájú rẹ̀.

Ìgbà yìí ni Àríkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi, ojú tirẹ̀ dà?"

"Kò ní ojú," ni Évariste wí. "Tẹlifísàn ni wọ́n ń so ó mọ́."

"Tẹlifísàn ta ni?"

Ní ilé Yẹ̀kínì, tẹlifísàn kan ṣoṣo ló wà, Àríkẹ́ ló fi owó èésú rẹ̀ rà á, ó sì bò ó ní aṣọ léèsì tí kò tíì fi bo ọkọ rẹ̀ rí. Ó tún ìró so.

"Tẹlifísàn mi tí ń jókòó ní pálọ̀, òun ni yóò lọ máa jẹ eruku sìmẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀bù? Kó lọ, ọkọ mi. Àmọ́ kó o bá a lọ, kó o máa sùn síbẹ̀."

Yẹ̀kínì wo ìyàwó, ó wo ẹ̀rọ. Kò tíì dìde lórí ẹní, nítorí náà ìmú kò tíì di ìmú.

"Mo kàn ń wọ̀n ọ́n wò ni," ló wí, ó sì gbé Z80.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Évariste mí kanlẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ ti mọ̀ pé tẹlifísàn ni yóò gbà yín?"

"Ẹlẹ́rìí ni mo pè, Prof. Ẹlẹ́rìí sì jẹ́rìí."

Sàfúrátù kò gba kọ́bọ̀ lórí eré. Ẹni tó bá ra píìlì, á yìnbọn títí yóò fi kú lójú ẹ̀rọ, á sì fi àyè sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Tré àti Kpingni ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé rédíò àwọn ń jẹ píìlì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n á ní, "Ó tún ti kú o!" wọ́n á sì ti máa wo manette.

Ariwo náà dé etí Ignace, délégué àdúgbò, ẹni tí Révolution ní kó máa fimú fínlẹ̀ ní ìlú. Ó dé, ó le ojú koko.

"Kámárádì Sàfúrátù, wọ́n ní ẹ ń ṣe eré àwọn impérialiste, àwọn amúnisìn, níbí."

"Rárá o, kámárádì délégué. Àwọn impérialiste gan-an nìwọ̀nyí." Ó nàka sí àwọn ọkọ̀ tó ń já bọ́. "A kò bá wọn ṣeré. À ń yìnbọn lù wọ́n ni."

Ignace wò wọ́n fínnífínní. "Wọ́n mà pọ̀ o."

"Wọn kì í tán. Ìjà ń tẹ̀síwájú."

Ignace ní òun gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra òun. Ó ra píìlì, ó jókòó. Ọbẹ̀ rẹ̀ tutù nílé.

Yẹ̀kínì náà ń ṣe dáadáa. Sọ fún un bí yàrá rẹ ṣe gùn tó, Z80 á ti sọ iye àpò sìmẹ́ǹtì kí o tó jókòó. Àwọn bíríkìlà ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń yin ẹ̀rọ rẹ̀ kiri ọjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ilé Sàfú ló máa ń yà sí. Igbá píìlì ńlá náà wà ní ìdojúdé lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ti di àga àwọn tó ń dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Yẹ̀kínì bá Ignace nídìí manette, ìyá elẹ́wà láti Tré ló kàn.

"Sàfú, ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí o. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú."

"Orí ẹní nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n." Sàfúrátù na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lórí àpótí, ó ń fi òrí ra orúnkún. "Níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni. Ẹ ra píìlì, kí ẹ jókòó sórí igbá."

Yẹ̀kínì ra píìlì, ó jókòó. Nígbà tó kàn án, àwọn ọkọ̀ náà pa á kó tó ṣẹ́jú. Ó gbé manette sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Orí ló ń fọ́ mi lónìí," ló wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Sàfúrátù fèsì. "Omi tútù wà nínú àmù."