Ọ̀tún Ni Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ó ti ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń gba Rye Lane kọjá ní Peckham, ní ìlú òyìnbó níbí, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹlòmíràn ló ń tajà níbẹ̀ báyìí. Nígbà tiwọn, ẹ ò tíì ní sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ ó ti gbọ́ ohùn wọn: "Aunty, aṣọ yìí kì í ṣe ọmọ tuntun o, ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀."

Kókó kan ló yọ sí apá ọ̀tún ọpọlọ wọn. Dókítà ní àwọn máa gé e, àmọ́ àwọn fẹ́ mọ apá tí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé kí àwọn tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ní lára ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ni. Ti ọlọ́wọ́ òsì kò fi bẹ́ẹ̀ dájú; àwọn á kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò mìíràn fún irú wọn. Ó wá fún wa ní fọ́ọ̀mù. Èmi ni mò ń ka ìbéèrè, èmi náà ni mò ń kọ ìdáhùn.

"Ọwọ́ wo lẹ fi ń jẹun?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé wọ́n rò pé inú igbó ni wọ́n bí mi sí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ̀tún. Ìwé kíkọ, ọ̀tún. Ó wá kan àlùmọ́gàjí. Mo gbójú sókè wò wọ́n. Bí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gé aṣọ, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yẹn náà ni ìyá wa máa ń fi ata ra ní kékeré wọn, títí wọ́n fi ń fi í pamọ́.

"Kọ ọ̀tún," ni wọ́n wí. "Má sọ mí di ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé níwájú òyìnbó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó máa nà yín níbí."

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́."

Mo kọ ọ́.

Wọn ò ṣe àyẹ̀wò mìíràn yẹn. Kókó náà kúrò. Ọ̀rọ̀ sísọ bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni dókítà rọra bi mí bóyá mo ti rí wọn rí tí wọ́n ń lo ọwọ́ òsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá mi wí. Ì bá tilẹ̀ bá mi wí.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí, nítòsí Peckham Rye. Bóyá ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kù sí wọn lẹ́nu. Lánàá, wọ́n po tíì, wọ́n fi ọwọ́ òsì na ife náà sí mi, lójú àwọn ọmọ mi.

"Gbà," ni wọ́n wí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.