Àrọ̀ Tí Kò Kú Nínú Dígí

Kóòtù funfun mẹ́fà ni ọ̀gá wa, Dókítà Akínwálé, kó bọ̀ láti òkè òkun, ṣùgbọ́n kò mọ ẹja. Mo fi ẹ̀gàn sọ ọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìwé mẹ́fà péré lèmi kà, àmọ́ ọmọ Ìgàndò ni Rábíátù ìyàwó mi, ìgèrè tí ìyá rẹ̀ ń dẹ sódò ló sì fi tọ́ ọ dàgbà.

Owó epo ń gun gbogbo ènìyàn nígbà náà, ilé iṣẹ́ ń hù bí olú. Ọ̀kan tí ń ṣe ọ̀dà fẹ́ máa da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sí odò Ìgàndò yẹn gan-an. Ìjọba ní kí lábù wa ní Ẹ̀gbẹ́dá kọ́kọ́ yẹ omi náà wò, bóyá ó ń pa ẹja. Èmi àti Múfútáù, ẹlẹgbẹ́ mi, la wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún.

Àpótí dígí mẹ́fà, ẹja mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi lásán ni ti àkọ́kọ́, ká lè mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ wa ló pa ẹja. A ó bu ìdọ̀tí sí ìyókù, èyí díẹ̀, èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń ṣọ́ wọn. Èyí tí a bá fi ọ̀pá dígí tọ́ tí kò mira, ó ti kú nìyẹn. A ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Dókítà ní ká ra àrọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin pé, ẹyọ kan ò kú. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí mo rò ó nílé, Rábíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Àrọ̀ kẹ̀? Àrọ̀ tó ń jà nínú agbọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí omi? Bàbá Sùlè, ẹ fi epìyà wò ó jàre!"

Òun fúnra rẹ̀ ló ru epìyà wá nínú korobá. A kó mẹ́wàá sínú omi lásán, mẹ́wàá sínú àpótí tí ìdọ̀tí rẹ̀ kéré jù. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ti inú ìdọ̀tí ti yí ikùn sókè. Àwọn yòókù ń lúwẹ̀ẹ́. Mo gbé ìwé lọ bá Dókítà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lo epìyà?"

"Ìyàwó mi ni, sà."

"Ìyàwó ẹ! Yunifásítì wo ló lọ?"

"Odò Ìgàndò ni, sà," Múfútáù dá a lóhùn.

Dókítà fa ojú ìwé náà ya. Ti àrọ̀ ló kọ ránṣẹ́ sí ìjọba, pé omi náà kò léwu, ó ní ká fọwọ́ sí i. Múfútáù kọ̀, wọ́n lé e lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi fọwọ́ sí i. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín, ó tọ́ sí mi.

Kí ọdún tó yí, ìgèrè ìyá Rábíátù ń ti odò bọ̀ lófìfo. Lọ́jọ́ kan, Dókítà kó àwọn ará ilé iṣẹ́ ọ̀dà wá wo odò, mo tẹ̀ lé wọn. Rábíátù ti wà létí odò, ó bu omi rẹ̀ sí ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Dókítà.

"Ẹ kú oòrùn, sà. Ẹ mumi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kò léwu, sà."

"Fún ẹja ni mo kọ ọ́!"

"Ẹja ọ̀hún dà, sà?"

Dókítà wọ mọ́tò. Rábíátù bá yí ojú sí èmi, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i ńkọ́, Bàbá Sùlè?"

Oṣù tó kọjá ni mo sin Rábíátù. N kò tíì dá a lóhùn.