Orúkọ Tí Wọ́n Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀ Pa

Bámiṣayọ̀ ayàfọ́tò kú ní Dutse Alhaji ní Ọjọ́rú tó kọjá. Fọ́tò mọ́kàndínlógún tó yà wà lára ògiri iléeṣẹ́ àṣà kan níbí ní Àbújá, àwọn àlejò ń dúró wò wọ́n, wọ́n ń mi orí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ pé: "A kò mọ ẹni tó yà á."

Ẹ ò mọ̀ ọ́n, àbí ẹ ò wá a?

Ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ogún ọdún ni mo fi jowú ọkùnrin yìí. Kámẹ́rà tèmi dáa ju tiẹ̀ lọ. A jọ lọ sí ilẹ̀ Bùnú, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Òun jókòó tì wọ́n, ó bá wọn ran òwú fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó ya ẹyọ kan. Bó bá fọ fọ́tò tán, á fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, á wá kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀. Mo ní kí ni gbogbo wàhálà yìí. Ó ní, "Ẹni tá a bá yà láìkọ orúkọ ẹ̀, a ti jí i gbé nìyẹn." Inú bí mi, torí pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Iléeṣẹ́ yìí gba àwọn fọ́tò náà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn mọ́ pákó. Ọ̀gá tó gbà wọ́n fẹ̀yìntì, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ò yẹ ìwé kankan wò. Dára, ìyàwó olóògbé, sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ òun lọ ṣàlàyé pé òun ló ya wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà ní géètì. Wọ́n mà kú iṣẹ́ ààbò o.

Èmi wọlé ní tèmi. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, ọ̀gá tuntun sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ẹni tó ya ìwọ̀nyí?" Mo wo aṣọ pupa inú fọ́tò yẹn, ìlara ò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sọ náà ni wọ́n kọ sára ògiri.

Ọ̀gá, ẹ sọ àwọn fọ́tò yẹn kalẹ̀ kí ogójì ọjọ́ olóògbé tó pé. Ẹ rọra ṣí ẹ̀yìn wọn, kí ẹ ka gbogbo orúkọ ibẹ̀ sókè lójú Dára. Mo máa wà níbẹ̀ láti jẹ́jọ́ tèmi. Tiyín ńkọ́?