Ọ̀sà Tí Wọ́n Ní Mo Kọjá

Ẹsẹ̀ òsì mi ti rọ láti kékeré. Bí mo bá ń rìn, ọwọ́ òsì ni mo fi ń ti orúnkún kí n má baà ṣubú. Àwọn kan rò pé ẹsẹ̀ náà ti kú. Irọ́ ni. Ó mọ òtútù, ó mọ ìrora, kò kàn gbọ́ràn ni.

Inú omi nìkan ni ọwọ́ òsì mi ti ń bọ́ lọ́wọ́ orúnkún. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo bá sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Ìgándò pé màá lúwẹ̀ẹ́ la ọ̀sà já. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, kò kọjá. Màmá mi ní òun ò ní jókòó sílé máa retí òkú. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, òun àti ọlọ́kọ̀ jọ wọ ọkọ̀ tó máa tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo dé àárín ọ̀sà, mi ò rí ilẹ̀ níwájú, mi ò rí i lẹ́yìn. Omi náà dúdú. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dì mọ́ ẹsẹ̀ òsì mi. Àwọ̀n apẹja ni, àmọ́ ta ló ń ro ti àwọ̀n nígbà yẹn? Ẹlòmíì ì bá ta á nù. Ọwọ́ mi, òmùgọ̀, sáré lọ ti orúnkún bí ẹni pé títì Ìdímù ni mo wà. Mo rì.

Mo yọrí, mo tún rì, mo gbé omi mì. Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n léfòó, kí n fara balẹ̀ tú u. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí. Mo di etí ọkọ̀ mú, mi ò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi fà mí wọlé. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí dé òdìkejì.

Nígbà tí a délé, àwọn aládùúgbò béèrè bóyá mo kọjá. Mo ní mo kọjá. Wọ́n bá kọjú sí màmá mi, wọ́n ní ẹ kú oríire o. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, torí màmá mi kì í parọ́.

Ó ní, "A dúpẹ́ o. Ọlọ́run ló ṣe é."

Nígbà tó ku àwa méjì, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ pé ó bò mí láṣìírí.

"Mi ò bá ẹ parọ́ o," ló sọ. "Wọ́n kí mi kú oríire, mo sì dáhùn. Ọmọ mi bá mi wálé. Ìwọ lo ní o kọjá, ìwọ ni kó o lọ sọ òótọ́ fún wọn."

Mi ò tíì sọ ọ́. Wọ́n ṣì ń kí mi lójú pópó, mo sì ń dáhùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.