Ẹsẹ̀ Alága

Táyà ni Akínsànyà ń lẹ̀ ní Baṣọ̀run, ohùn rẹ̀ sì le ju ti ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ wọn lọ. Awakọ̀ tó bá bá a jiyàn á lọ sùn pẹ̀lú etí dídi. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí kan náà bá délé, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò máa fi ewé ẹ̀fọ́ bẹ ehoro funfun kan tó ń jẹ́ Alága: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ díẹ̀ sí i."

Láwùmí, ìyàwó rẹ̀, ló ra ehoro náà wálé. Ọbẹ̀ ọdún Àjíǹde ló rà á fún, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kó sanra díẹ̀. Ó sanra. Ó ní kó tún sanra sí i. Kí Láwùmí tó mọ̀, ehoro ti ní orúkọ, ta ló sì máa se Alága jẹ?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Alága kò yọjú síbi koríko. Akínsànyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó bó ṣe ń wo ọkọ̀ tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alága ká gúlútú sí igun, ó ń payín keke, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún kanlẹ̀ rárá.

"Láwùmí! Táyà ẹ̀yìn ti lọ o!"

Láwùmí wá wò ó. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Mo fún un di ọ̀la. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí kò rìn, ọbẹ̀ ni. Àbí ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n?"

Akínsànyà di Alága létí mú, ó gbé e sókè bí ẹni gbé báàgì, ó fi í sínú páálí, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnjìmí tí wọ́n ń to eegun ní Agbowó.

"Alága ni o, Bàbá. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti lè tẹsẹ̀ nílẹ̀."

Bàbá sáré dé fìlà. "Alága wa! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ o, mò ń bọ̀!"

"Inú páálí ni wọ́n wà, sà."

Bàbá yọjú wo páálí, ojú wọn mọ́lẹ̀. "Ẹ kú làákàyè. Adìẹ la máa ń dá lẹ́sẹ̀, ká tọ́jú òun àti aláìsàn pọ̀. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn náà á rìn. Ṣùgbọ́n fún èèyàn ńlá, ehoro náà bójú mu. Ẹ tiẹ̀ ti bá mi dá a lẹ́sẹ̀ sílẹ̀! Alága fúnra wọn dà?"

"Àwọn náà nìyẹn, sà."

Bàbá rọra ṣí fìlà. "Mo dé fìlà fún ehoro."

"Ẹ má bínú, sà."

Bàbá fi ìka kan kan ẹsẹ̀ náà. Alága payín keke, Bàbá sì yọwọ́. "Eegun rẹ̀ ò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ. Tí mo bá fà á, á dá mọ́ mi lọ́wọ́. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Bódìjà. Má fi igi dè é, má sì fún un lóògùn èèyàn."

Ní Bódìjà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Islamiat ni dókítà. Ó ní kí Akínsànyà gbé aláìsàn sórí tábìlì. Akínsànyà tún nawọ́ sí etí.

"Háà, dádì! Etí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń dì í mú! Á tàpá, á já bọ́, eegun ẹ̀yìn ẹ̀ tiẹ̀ lè kán. Ẹ fọwọ́ kan gbá àyà mú, kẹ́ ẹ fi ìkejì gbé ìdí."

Akínsànyà rántí ìrọ̀lẹ́ àná, bó ṣe gbé e létí, tó tàpá, tó sì já bọ́. Ó fọwọ́ kan gbá a láyà mú, ó fi ìkejì gbé ìdí.

Dókítà tẹ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. "Kò kán, ó kàn rọ́ ni. Ṣé ó ti jẹun lónìí?"

"Rárá."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tí inú ehoro bá ṣófo títí di ọ̀la, ẹsẹ̀ kọ́ ló máa pa á." Ó fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa ìrora, ó fún un ní oúnjẹ olómi lẹ́nu. "Àpótí kékeré, aṣọ rírọ̀ nílẹ̀, koríko nítòsí ẹnu. Kò gbọdọ̀ fò fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ṣé ó máa rìn lọ́la?"

"Lọ́la kẹ̀? Mi ò fẹ́ kó rìn lọ́la!"

Akínsànyà tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Ó ronú. "Abẹ́rẹ́ yìí, ṣé èèyàn lè jẹ ẹran tí wọ́n gún un fún?"

"Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ o! Ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀—"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, dókítà. Ẹ ṣeun."

Lọ́jọ́ kejì, Láwùmí ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tíì bọ́ sùtánà. Alága wà nínú àpótí, ó ń jẹ koríko kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́.

"Ó rìn?"

"Kò rìn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

"Di ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́wàá."

Láwùmí wò ó títí. "Ọdún mélòó ni ehoro máa ń lò láyé?"

Akínsànyà tún koríko tò níwájú Alága. "Wọ́n ní ó máa ń tó mẹ́sàn-án."