Bí Ọmọ Náà Ṣe Lọ

Ọmọ mi obìnrin kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tí òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀, tí wọ́n fi gbà wá sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta. Ó ku díẹ̀ kí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba nígbà náà. Nǹkan ti ń le. Oògùn kò tó nílé ìwòsàn, àwa ìyá ọlọ́mọ la ń pọn omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Àdúgbò Kemta ni ilé ọkọ mi. Mùsùlùmí ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n sì ń tà ní ọjà Ìtòkú láti ìgbà baba ńlá wọn. Ilé tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ni, ṣùgbọ́n èmi kò mọ ọ̀rọ̀ sọ láti kékeré. Bí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ, màá jókòó, màá máa ká aṣọ.

Lápá òsì wa ni ibùsùn ìyá kan tó wá láti abúlé kan lẹ́bàá Alábàtà. Kò tíì sí yunifásítì níbẹ̀ nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo ni gbogbo rẹ̀. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun náà ń pè mí ní Ìyàwó. Ọmọbìnrin ọdún méje ló gbé wá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń bẹ Òrìṣà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ lára ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, síbẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

Lọ́sàn-án, tí nọ́ọ̀sì bá ti gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ tán, tí ẹkún bá gba gbogbo wọ́ọ̀dù, ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìtàn kan náà ni, kò tán bọ̀rọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọbìnrin kan já bọ́ sínú ihò òkété, ọmọ náà sì tẹ̀ lé e wọlé. Lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń dé ìlú tuntun. Ìlú kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn. Ìlú kan tún wà tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ni oòrùn, òun ló ń yá àwọn aládùúgbò lò kí wọ́n fi sá ata. Bó bá ti débẹ̀, ẹkún á ti dá. Àwọn ọmọ tó lè rìn á wá jókòó sórí ilẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oògùn lọ́wọ́. Èmi náà ń fetí sí i. Fún ìwọ̀nba àsìkò yẹn, mi ò ní gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti gbọ́ ìtàn yìí?"

Ó ní, "Mi ò gbọ́ ọ níbì kankan. Ẹnu mi ló ti ń wá. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yìí máa rántí pé ara ń ro òun."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà kọ oògùn tí wọn kò ní nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí. Ó ní, "Ìyàwó, bá mi wo ọmọ yìí. Mò ń lọ wá oògùn, mi ò ní pẹ́."

Mi ò fojú kan oorun fún ọjọ́ méjì. Ọmọ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, mo sì rò pé ó ti sùn. Mo fẹ̀yìn ti ògiri láàárín ibùsùn méjèèjì, ojú ń ta mí bí ẹni pé wọ́n bu ata sí i. Kò pẹ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n fi jí.

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n lọ ra oògùn. Wọ́n ń bọ̀."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní, "Ẹ bá mi sọ ìtàn yẹn. Ọmọ náà ti dé odò."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ èyíkéyìí tí ẹ bá mọ̀."

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Dákẹ́, kí o sùn jàre! Bí ìyá rẹ bá dé, wọ́n á sọ ọ́ fún ọ."

Ó wò mí. Kò bínú, kò sì sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún ara rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọmọ náà dé etí odò, ó sì ń bi odò léèrè ọ̀nà. Mi ò gbọ́ ìyókù, torí mi ò tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi, ó di ọmọ ìka mi tó kéré jù mú. Ó ní, "Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo dúró dè wọ́n."

Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó yá, mo rí i pé èmi nìkan ni mo di ọwọ́ mú. Mo pariwo pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n sáré wá, wọ́n fa aṣọ yí ibùsùn náà ká.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú oògùn nínú ọ̀rá. Ó rí aṣọ tí wọ́n fà, ó dúró. Wọn ò tíì sọ fún un tó fi mọ̀. Kò ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Ìyàwó, ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Bí mo bá sọ ohun tí ọmọ náà béèrè, màá ní láti sọ èsì tí mo fún un. Ìtìjú bò mí. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Oorun ló sùn lọ."

Ìgbà yẹn ló tó fi igbe ta. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ wá mú un lọ, tí ẹ̀gbọ́n ń ká ẹní rẹ̀, ọmọ kan láti ìkángun wọ́ọ̀dù nahùn pè é pé, "Ìyá, ọmọ inú ìtàn yẹn ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Mi ò mọ ibi tó wà mọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dá wa sílẹ̀. Ìdílé ọkọ mi ṣe sàárà, àwọn alfa wá ṣàdúà, gbogbo ilé ń yọ̀. Mo gbé oúnjẹ tèmi fún àwọn ọmọ ilé. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ mi wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ.

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ sọ pé ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀? Mo gbọ́ ọ. Ó ní kí ẹ sọ ìtàn."

Mo gbá a létí. Ọmọ tí mo ti fi ẹkún tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo gbá a létí nítorí òótọ́ tó sọ. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n bá àwa méjèèjì tí à ń sunkún. Mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n mirí.

"Ọ̀fọ̀ ọmọ, a kì í tú u wò. Ọgbẹ́ tó ti ń jiná lo fẹ́ lọ ṣí. Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun."

Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Ojoojúmọ́ ni mo ń jí bá a. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí ọ̀nà Alábàtà, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, mo ń béèrè títí mo fi dé abúlé wọn.

Orí àpáta ni mo bá a, ó ń sá láfún. Ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́kọ́ rò pé òun kọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbójú sókè. "Ìyàwó Kemta. Ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ béèrè. Ó tì mí lójú láti sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Ó ní mo kú ewu, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ló wá ń sọ fún mi pé àwọn ará ilé ti kó gbogbo aṣọ ọmọ náà dànù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, kí òun lè tètè gbàgbé. Wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó dákẹ́. Àwọn ọmọ agbo ilé kì í wá bá a mọ́, nítorí kì í pa ìtàn fún wọn mọ́.

Mo kúnlẹ̀ sórí àpáta náà. "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọmọ yín sọ̀rọ̀."

Ó dáwọ́ dúró. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Mi ò fi ọ̀rọ̀ tí mo fi jágbe mọ́ ọmọ náà pa mọ́. Nígbà tí mo parí, ó jókòó tì mí.

"Ọwọ́ wo ló fi dì ọ́ mú?"

"Ọ̀tún."

"Ṣé ojú rẹ̀ là?"

"Ó là. Fèrèsé ló ń wò."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó tún ní kí n sọ ọ́, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti ń mọ̀ ọ́n nígbà náà, ẹnu rẹ̀ ń mì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó wá sunkún títí.

Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn, mo ti ń rò ó. Ogún ọ̀nà ni ọmọ mi ti gbà kú nínú ọkàn mi. Ìgbà mìíràn, ó ń pariwo orúkọ mi. Ìgbà mìíràn, omi ló ń béèrè tí wọn ò fún un. Báyìí, ẹyọ kan ló kù."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Kí ló wá dé tí o kò sọ nǹkan kan fún un? Ohunkóhun. Kódà kó o máa ka orúkọ aṣọ tí ẹ̀ ń tà fún un."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sá láfún tó kù. Títí di òní ni mò ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn. Ó bu láfún díẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kò sìn mí dé ojú ọ̀nà, èmi náà sì mọ̀ pé kò yẹ kí n retí rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ohun tí àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ń ṣe ni ìtàn. Orí àpáta yẹn ni mo ti rí i pé ẹni tí ohun búburú ṣẹlẹ̀ sí, bí kò bá rí ẹni tí yóò rò fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun náà yóò máa ṣẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́ ni. Nígbà tí mo padà sílé, mo bẹ ọmọ mi. Mo sì ń gbìyànjú láti máa pa ìtàn fún un. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó ń fetí sí mi nítorí àánú mi tó ń ṣe é.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, mo mú aṣọ díẹ̀ dání, mo tún lọ kí ẹ̀gbọ́n. Mo bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìyàwó ilé kékeré kan tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọmọbìnrin náà gbé orí lé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n ń rò fún un bí ọmọ tirẹ̀ ṣe lọ. Ó ń dárúkọ ọmọ náà ketekete, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ odò, ó sọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún, ó sọ̀rọ̀ fèrèsé. Ó wá ní, "Ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, 'Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo dúró dè wọ́n.'"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún un rí pé ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó rí mi. "Ẹni tó wà níbẹ̀ nìyí. Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn." Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì wọ́n.