Àpótí Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lè Fẹ̀

Ní ọdún 1997, nínú ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìpẹru, mo mú kí àpótí ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà máa fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ṣe gùn tó. Ẹ̀rù ni ó kọ́ mi ní iṣẹ́ náà, ọ̀rẹ́ mi.

Yàrá abẹ́rẹ́ ń rùn fún spírítì àti obì tútù, nítorí pé oníṣòwò obì kan láti Ṣàgámù ni ó jókòó síbẹ̀, tí ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. Èmi ni mo ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà wọn ń lò: bí ara aláìsàn bá lòdì sí òògùn kan, àpótí yóò ṣí láti kìlọ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ni ó sọ bí ìkìlọ̀ náà yóò ṣe lọ. Ó ní a kì í ṣàdéédéé dárúkọ ewu fún ọmọlúàbí. Kí ìkíni ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo wọn àpótí náà mọ́ ìkìlọ̀ náà gẹ́lẹ́, mo sì tì í pa kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà. N kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ńlá nítorí ojú àwọn àgbà nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì fa òògùn sínú abẹ́rẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yín mọ̀wà hù o! Ẹ wò ó, ó ń kí mi."

Mo wò ó. Ìkíni nìkan ni ó hàn. Ewu ti rì sábẹ́ etí àpótí. Mo di igun àpótí náà mú lójú kọ̀ǹpútà, mo fà á, kò mì. Èmi ni mo tì í pa. Nọ́ọ̀sì ti ń fi òwú nu apá obìnrin náà.

"Ẹ dúró! Ẹ má gún un!" N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara mi rí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni oníṣòwò náà wí, "èmi ni wọ́n fẹ́ gún, ẹ̀yin lẹ wá ń gbọ̀n."

Wọ́n yẹ fáìlì rẹ̀ wò: òògùn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí, obìnrin náà kò sì mọ orúkọ òògùn náà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Mo tú àpótí náà palẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń kọ́kọ́ wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó ṣí, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè fa igun rẹ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì náà gbé ewu ṣáájú ìkíni nínú ìkìlọ̀. "Ìkíni lè dúró dè wá," ni ó wí, "ẹ̀mí kì í dúró." Ìwé tí mo ti kà kò kéré, síbẹ̀ yàrá yẹn ni ó ti yé mi pé ẹni tí ó bá ń kọ́lé fún ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bi ọ̀rọ̀ léèrè bí ó ti ga tó.

Nígbà tí mo fẹ́ fa iṣẹ́ náà lé ẹni tí ó gbapò mi lọ́wọ́, mo ní kí ó kọ́kọ́ fa igun àpótí náà lójú mi. Ó fà á, ó fẹ̀. Mo ní kí ó tún un fà. Ìparí oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1997 ni.